Oníṣẹ́ ọwọ́ tó fẹ́ ra ọkọ̀ ní Kumasi: ẹrù ni kó kọ́kọ́ wọ̀n, kó tó wo mọ́tò

Ọjọ́ ńlá ni ọjọ́ tí oníṣẹ́ ọwọ́ bá ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò máa fi ṣiṣẹ́. Káfíntà tó ti ń fi ọmọlanke kó pákó káàkiri ìgboro, púlọ́ḿbà tó ń gbé páìpù lé èjìká wọ takisí, wẹ́dà tó jẹ́ pé ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀ ni ọlọ́kọ̀ ń gbà lọ, gbogbo wọn ló ń fojú sọ́nà fún ọjọ́ náà. Bó bá dé, àwọn ọmọ iṣẹ́ yóò pàtẹ́wọ́, ìyàwó yóò gbàdúrà, àwọn ará àdúgbò yóò sì ní àfi kí ọ̀gá fọ mọ́tò tuntun fún àwọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò sí níbi ẹ̀rín ọjọ́ kìíní. Ọ̀rọ̀ wà ní oṣù kẹfà, nígbà tí ẹrù bá ti ń bi ọkọ̀ léèrè agbára rẹ̀. Ìgbà náà ni tọmọdé tàgbà yóò mọ̀ bóyá ọkọ̀ ni ọkùnrin náà rà, àbí gbèsè ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin.

Ohun tó ń fa èyí kò ju ẹyọ kan lọ. Púpọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń fi ojú ra ọkọ̀. Ọ̀dà rẹ̀ ń dán, àga rẹ̀ tutù, ẹni tó ń tà á ń búra, owó rẹ̀ sì rọjú ju ti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ, ó parí. Wọn kì í kọ́kọ́ bi ara wọn pé kí ni àwọn fẹ́ máa gbé, báwo ló ṣe wúwo tó, báwo ló ṣe gùn tó, àwọn wo ni yóò sì máa bá àwọn jókòó nínú ọkọ̀ náà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán: ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹrù ni eku, ọkọ̀ ni ìtẹ́. Ẹni tí kò mọ bí eku òun ti tó, kí ló fẹ́ fi wọn ìtẹ́?

Ìlú kan wà tí ẹ̀kọ́ yìí ti pọ̀ ju ibòmíràn lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kumasi ni, olú ìlú àwọn Aṣáńtí ní orílẹ̀-èdè Gánà. Kì í ṣe ìlú àjèjì sí ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá. Kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, pé kí àjòjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti àwọn ìlú mìíràn ti sọ Gánà di ilé. Àwọn kan padà lọ lẹ́yìn náà, àwọn kan kò sì kúrò rárá. Ọ̀nà tí àwọn ará Kumasi ń gbà yan ọkọ̀ iṣẹ́ kò sì yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Ìlọrin. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ní Kumasi, gbogbo ẹni tó mọ inú ọkọ̀ ló para pọ̀ sí ojú kan.

Ojú kan náà ni wọ́n ń pè ní Suame Magazine, lápá àríwá ìlú, ní ojú ọ̀nà tó lọ sí Offinso. Ilé ìkó-ohun-ìjà ayé àwọn òyìnbó ni orúkọ Magazine ti wá, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ìgbà náà ti kọ́kọ́ pàgọ́ kí wọ́n tó ṣí wá sí Suame. Lónìí, ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníṣẹ́ ọwọ́ ló wà níbẹ̀: fítà, èyí tí í ṣe orúkọ tí wọ́n ń pe mẹkáníìkì ní Gánà, wẹ́dà, rẹwáyà, àwọn tó ń rọ irin, àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Olúkúlùkù ló ní ọkọ̀ tó mọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń tún Benz ṣe kì í bá ẹni tó ń tún Toyota ṣe du iṣẹ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá mọ iyì ibẹ̀. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní ìlú náà, KNUST, dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní 1972 láti gbé ìmọ̀ ẹ̀rọ jáde fún ará ìlú, nígbà tó sì di 1980, ẹ̀ka náà kọ́ ilé ìkọ́ṣẹ́ kan sí àárín àwọn fítà ní Suame.

Ẹ jẹ́ ká mú káfíntà kan ní Sokoban fi ṣe àpẹẹrẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn onípákó àti àwọn káfíntà lọ ní 2009, nígbà tí wọ́n kúrò ní Anloga Junction. Káfíntà náà ń kan ilẹ̀kùn, ibùsùn àti kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná. Ó ń ra pákó, ó ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń gbé iṣẹ́ tó ti parí lọ sílé oníbàárà. Pákó wo ló ń rà? Bó bá jẹ́ wawa, igi tí àwọn Yorùbá ń pè ní arère ni. Èyí tó gbẹ tí ìbú, òró àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan kò tó kìlò 400. Bó bá jẹ́ odum, ìrókò nìyẹn, irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ sì ń lọ sí kìlò 650. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là á tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú kò lè dá ìyàtọ̀ yìí mọ̀. Pákó méjèèjì kún inú ọkọ̀ bákan náà. Èkíní fẹsẹ̀ rìn, èkejì tẹ ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Sìmẹ́ǹtì tún wà níbẹ̀ tí gbogbo ènìyàn lè fi mọ ìṣirò náà. Kìlò 50 ni àpò kan. Ogún àpò péré ló di tọ́ọ̀nù kan. Bọ́ọ̀sì Mercedes 207 tó gbòde kan ní Gánà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n fi ń ṣe tròtró, ẹrù tí wọ́n ṣe é fún kò jìnnà sí tọ́ọ̀nù kan yẹn. Orúkọ rẹ̀ pàápàá ló ń sọ̀rọ̀. Ní àwọn Mercedes àtijọ́, nọ́ńbà tó ṣáájú ń sọ iye tọ́ọ̀nù tí ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ yóò jẹ́ papọ̀. Méjì tó tẹ̀ lé e ń sọ agbára ẹṣin rẹ̀ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. 911 tí àwọn ará Èkó fi ṣe mọ́lùè, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án ni, agbára rẹ̀ sì tó 110. 207 ní tirẹ̀ kò ju tọ́ọ̀nù méjì àti díẹ̀ lọ, tòun ti irin ara rẹ̀, agbára rẹ̀ sì wà ní bíi 70. Síbẹ̀, ẹnìkan yóò ra 207, yóò kó ogójì àpò sìmẹ́ǹtì sí i, yóò sì máa bínú sí fítà pé ẹ́ńjìnnì kò lágbára. Ẹni tí kò lè gbé eèrà, tó ń kùsà sí erin, ara rẹ̀ ló máa tẹ́.

Ní ti àwọn ọkọ̀ tó wá láti Yúróòpù, kò sí ìdí láti máa méfò. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà lẹ́nu ilẹ̀kùn tàbí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà mẹ́rin sì máa ń to ara wọn léra lórí rẹ̀. Èkíní ni ìwọ̀n tí ọkọ̀ àti ẹrù kò gbọ́dọ̀ kọjá. Èkejì ni ìwọ̀n náà bí ọkọ̀ bá tún ń fa nǹkan mìíràn lẹ́yìn. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ẹsẹ̀ iwájú lè gbà, ẹ̀kẹrin ni ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Kí a yọ ìwúwo ọkọ̀ òfìfo kúrò nínú ti èkíní, ẹrù ló kù yẹn. Ọ̀gá, ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta àti àpótí irinṣẹ́ wọn wà nínú ẹrù náà. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń ra ọkọ̀ kì í wo irin yìí, bẹ́ẹ̀ wọ́n á wo rédíò.

Lẹ́yìn ìwúwo ni gígùn àti fífẹ̀. Pláìwúùdù kan fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ó sì gùn tó mẹ́jọ. Bí àlàfo tó wà láàrin ilé táyà méjèèjì nínú ọkọ̀ kò bá tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, pláìwúùdù kò ní lè sùn sílẹ̀. Yóò dábùú, yóò sì máa fi etí gbá ara ọkọ̀ títí yóò fi ya. Tépù tí káfíntà fi ń wọn ilé oníbàárà, kí ló dé tí kò lè fi wọn inú ọkọ̀ kó tó sanwó?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le jù ni ti ọkọ̀ tí wọ́n ti gé. Gbogbo ẹni tó bá mọ Suame ló mọ iṣẹ́ yìí. Bọ́ọ̀sì akẹ́rù yóò ti Jámánì tàbí Nẹ́dálándì dé, láìní fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọn yóò fi irin gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọn yóò fi gíláàsì sí i, wọn yóò jó àga mọ́ ilẹ̀ rẹ̀, ó di tròtró. Àwọn tó ń mójú tó ààbò ojú pópó ní Gánà ti kìlọ̀ lórí rẹ̀ láìmọye ìgbà, nítorí pé bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, àga wọ̀nyẹn lè fà tu. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, tròtró náà yóò gbó, olówó rẹ̀ yóò tú àga kúrò, yóò sì tà á fún káfíntà pé ọkọ̀ akẹ́rù ni. Káfíntà kò mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti yí ọkọ̀ náà padà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bọ́ọ̀sì wọ̀nyí kò ní ṣáásì lọ́tọ̀ bíi ti lọ́rì. Ara wọn gan-an ni egungun wọn. Bí wọ́n bá gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, egungun ni wọ́n gé. Ojú ihò tí wọ́n ti jó àga mọ́lẹ̀ sì ni ìpẹtà ti í bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà tuntun ni wọ́n fi ń bo gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òtítọ́, kó má wo òkè, kó rá sábẹ́.

Irú gígé mìíràn tún wà, ti sítíárìn. Ọjọ́ 4, oṣù Kẹjọ, ọdún 1974 ni Gánà kúrò lápá òsì ojú ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí Nàìjíríà ti ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹrin, ọdún 1972. Òfin Gánà kò gbà kí a wá fi orúkọ ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lápá ọ̀tún sílẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jàpáánì sì rèé, apá ọ̀tún ni sítíárìn tiwọn wà. Èyí ni pé ọkọ̀ tí ọmọ ìyá ẹni rí ní Lọ́ńdọ̀nù ní owó pọ́ọ́kú, tàbí Hiace tó ti Jàpáánì wá tààrà, wọ́n ní láti gbé sítíárìn rẹ̀ kọjá sí apá kejì kó tó lè rìn. Ọwọ́ àwọn ọ̀gá kan dá nínú iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n sítíárìn kò dá lọ; pẹ́dáàlì búréèkì ń tẹ̀ lé e, ọ̀pá tó ń yí ẹsẹ̀ iwájú ń tẹ̀ lé e, wọ́n sì gbọ́dọ̀ lu ihò tuntun sí irin iwájú. Bí ẹnìkan bá fi wẹ́dà jó ohun tó yẹ kó fi bóòtì de, ẹ̀mí ènìyàn ló so rọ̀ mọ́ ojú ìjó náà. Ọkọ̀ tó bá ti ilẹ̀ tí wọ́n ń rìn lápá ọ̀tún wá, bíi Jámánì, Nẹ́dálándì, Amẹ́ríkà tàbí Kòríà, kò ní wàhálà yìí. Owó rẹ̀ lè ga díẹ̀. Owó náà kò dà nù.

Ta wá ni kó bá oníṣẹ́ ọwọ́ yẹ ọkọ̀ wò? Kì í ṣe fítà tí ẹni tó ń tà á mú wá. Fítà tí yóò máa tún ọkọ̀ náà ṣe fún un ni, kó sì ti wá a rí kó tó wá ọkọ̀. Èyí ni àṣírí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ọkọ̀ tí ọ̀gá náà mọ̀ dunjú, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ kún orí àtẹ ní Suame, tó jẹ́ pé bó bá kọṣẹ́ láàárọ̀ yóò tún rìn kó tó di alẹ́, ó sàn ju èyí tó tún rẹwà tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni yóò fi retí páàtì láti òkè òkun. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dúró, iṣẹ́ dúró, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iṣẹ́ kò dẹ́kun oúnjẹ.

Àwọn ọkọ̀ tuntun ń fi kọ̀ǹpútà ronú. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì òde òní ń ta epo nínú rẹ̀ pẹ̀lú agbára tó pọ̀ gidigidi. Omi díẹ̀ tàbí ìdọ̀tí nínú dísẹ̀lì tó láti ba ohun olówó ńlá jẹ́. Títí di oṣù Keje, ọdún 2017, òfin Gánà ń gba ímí ọjọ́ tó tó 3,000 nínú mílíọ̀nù kan láyè nínú dísẹ̀lì; ìgbà náà ni wọ́n sọ ọ́ di 50 fún èyí tí wọ́n ń kó wọlé. Ó ti sàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àgbá epo ni a lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Ẹni tó bá fẹ́ ọkọ̀ tuntun, kó bi fítà rẹ̀ bó bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà sọ̀rọ̀. Ní 2013, oníṣẹ́ ọnà ará Nẹ́dálándì kan, Melle Smets, àti olùwádìí Joost van Onna bá àwọn ọ̀gá Suame kan odindi ọkọ̀ kan láàrin ọ̀sẹ̀ 12, wọ́n pè é ní Turtle. Ọkọ̀ tó lágbára, tó rọrùn láti tún ṣe, tí kò gbẹ́kẹ̀ lé kọ̀ǹpútà, ni wọ́n lépa. Kò sí ohun tuntun nínú èrò yẹn fún fítà Suame; ohun tó ti ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni.

Fítà kan náà lè sọ pé òun yóò fi ewé sípíríìnì kún ẹ̀yìn ọkọ̀ kó lè gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibí yìí ni kí oníṣẹ́ ọwọ́ ti là á yé e pé kò rí bẹ́ẹ̀. Sípíríìnì yóò gbé ìdí ọkọ̀ sókè lóòótọ́, ọkọ̀ kò ní tẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n búréèkì kò tóbi sí i, táyà kò nípọn sí i. Ọkọ̀ náà ti gbàgbé bí ẹrù ṣe wúwo tó, ìsàlẹ̀ òkè Mampong ni yóò ti rántí.

Ní ti táyà, ọjọ́ orí rẹ̀ wà lára rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin tó wà nínú àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ni. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Eyín táyà lè ṣì ga kí rọ́bà rẹ̀ ti kú. Ìwé ọkọ̀ náà ń fẹ́ ojú tó mú. Ọkọ̀ tó bá ti ju ọdún mẹ́wàá lọ, Gánà ti ń bu owó ìtanràn lé owó ibodè rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ní 2020 wọ́n ṣòfin pé kí irú rẹ̀ má wọlé mọ́ rárá, wọ́n sì dá ìmúṣẹ òfin náà dúró lẹ́yìn ariwo àwọn oníṣòwò. Ẹni tó bá ń rà lójú ọ̀nà ibodè gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ orí ọkọ̀ kó tó mọ iye rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá sì ń ṣòwò, oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni àjọ DVLA ń fẹ́ kó wá fi ara rẹ̀ hàn fún àyẹ̀wò.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ìbéèrè kan ṣẹ́ kù tí ojú máa ń ti ènìyàn láti béèrè: ṣé dandan ni kó ra ọkọ̀ lọ́dún yìí? Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni káfíntà ń gbé ẹrù, aboboyaa, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta akẹ́rù tó kún Kumasi, lè gbé e fún un ní owó tí kò tó owó àtúnṣe ọkọ̀. Kó kọ iye tó ń san fún ọlọ́kọ̀ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Kó wá fi í wé epo, táyà, ìwé, àtúnṣe, àti owó tí yóò máa yọ sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ tí yóò rọ́pò rẹ̀. Bí ti ọlọ́kọ̀ bá kéré, kó dá susu, èyí tí orúkọ rẹ̀ kò jìnnà sí èsúsú, kó sì ní sùúrù. Àwọn kan ń gba ọkọ̀ ní èyí tí ará Gánà ń pè ní work and pay, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ kí wọ́n máa san án. Ó dára fún ẹni tó ní iṣẹ́ tí kì í yẹ̀. Ẹni tí oníbàárà rẹ̀ ń sanwó ní ọdún dé ọdún, kó ṣọ́ra, nítorí olówó ọkọ̀ kì í gbọ́ ìtàn oníbàárà.

Ṣùgbọ́n èyí tó ju owó lọ ṣì wà. Ní ojú ọ̀nà Kumasi, bíi ti ojú ọ̀nà Ìbàdàn, ènìyàn yóò rí ọkọ̀ akẹ́rù tí ọ̀gá jókòó níwájú lórí àga, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ sì jókòó lórí pákó lẹ́yìn, wọ́n di okùn mú. Bí búréèkì bá ṣẹlẹ̀ lójijì, pákó á máa bọ̀ níwájú, ara ọmọ ló máa bá pàdé. Ọmọ ọlọ́mọ ni. Ìyá rẹ̀ mú un wá, ó kúnlẹ̀, ó ní kí ọ̀gá bá òun kọ́ ọ níṣẹ́. Nítorí náà, bí oníṣẹ́ ọwọ́ bá ń ka ẹrù rẹ̀, orí àwọn ọmọ iṣẹ́ ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Kó wá ọkọ̀ tó ní ìlà àga kejì àti bẹ́líìtì, tí irin tó lágbára sì dá pákó àti ènìyàn sí méjì. Bí owó rẹ̀ kò bá tó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kí aboboyaa gbé pákó, kí àwọn ọmọ wọ tròtró, kí iṣẹ́ máa lọ. Ọkọ̀ yóò ṣì dé lọ́jọ́ tó bá yá. Ọmọ ọlọ́mọ tó bá ti ọwọ́ ẹni lọ, kò sí fítà ní Suame tó lè tún un ṣe.